Onígarawa Abẹ́ Igi Ọ̀pọ̀tọ́

Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa nígbà náà, tó gbọ́ tí wọ́n ń pe bàbá mi ní Bàbá Onígarawa, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò ní kí wọ́n bá òun pọn omi wá. Ìyá mi á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Omi kọ́ lọkọ mi ń tà, ariwo ló ń tà." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ariwo ni bàbá mi fi bọ́ wa, ariwo ló fi rán mi nílé-ìwé, ariwo náà ló sì gba etí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbà ìjọba kan wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, níbi tí wọ́n kó oríṣiríṣi igi àti òdòdó jọ sí, tí olúkúlùkù ní pátákó kékeré níwájú tó ń sọ orúkọ rẹ̀. Ilé onígíláàsì wà níbẹ̀ fún àwọn ewé tí kò fẹ́ oòrùn líle, adágún omi wà fún òṣíbàtà, àga gbọọrọ sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó gba atẹ́gùn. Lẹ́yìn ilé onígíláàsì ni àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ ńláńlá wà. Orí wọn làwọn àdán fi ṣe ilé.

Wọ́n máa ń so rọ̀ lórí ẹ̀ka títí gbogbo igi á fi dúdú. Wọ́n ń yàgbẹ́ lé àwọn tó wá wo òdòdó lórí. Ọjọ́ tí wọ́n yà á sára aṣọ funfun ìyàwó èèyàn ńlá kan ni ọ̀gá ọgbà sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n wá ẹni tó lápá, wọ́n rí bàbá mi. Wọ́n fi okùn gbé garawa kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n fún un ní ọ̀pá irin, wọ́n ní kó máa lù ú láti àfẹ̀mọ́júmọ́ tí àwọn àdán bá ń darí bọ̀, títí wọn yóò fi ṣí lọ síbòmíràn.

Wọn ò ṣí lọ. Wọ́n á fò sókè, wọ́n á yípo, wọ́n á padà wá so rọ̀, bàbá mi náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti na ẹsẹ̀ sábẹ́ igi, kó máa gbowó oṣù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, bí bàbá mi sì ṣe jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, láti ọdún dé ọdún. Ó tilẹ̀ fi róbà táyà wé ìdí ọ̀pá náà kó má baà bó o lọ́wọ́.

Kò kórìíra wọn o. Bí mo bá gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún un, mo sábà máa ń bá a níbi tó ti fi àkísà gbé ọmọ àdán tó jábọ́, tó ń fi í kọ́ sára ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Á ní, "Ìyá ẹ ń wá ọ. Di ẹ̀ka mú dáadáa." Lẹ́yìn náà á jẹun, á nu ọwọ́, á tún gbé garawa kọ́rùn.

Etí rẹ̀ kọ́kọ́ ń hó. Ó ní ó dà bí ẹni pé ìrẹ̀ kó sí òun létí. Nígbà tó yá, ìyá mi á pè é títí, kò ní dáhùn. Ìyá mi rò pé ó ń fojú di òun ni, ó sì di ìjà. "Bàbá Ọmọ, ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Nígbà tí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bàbá mi lọ bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n wá nǹkan tí òun lè fi bo etí. Ọ̀gá ní kó fi òwú dí i. Títí dòní, bí mo bá rí òwú, inú á bí mi.

Mo ti dàgbà nígbà tí ọ̀gá yẹn lọ, tí òmíràn dé, obìnrin kan tí kò dàgbà jù mí lọ. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣe ọ̀gá ló ń wò. Ọ̀gá tuntun ní àdán kì í ṣe ọ̀tá ọgbà rárá, pé àwọn ló ń jẹ èso níhìn-ín tí wọ́n ń lọ yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sọ́hùn-ún, tí igbó fi ń hù. Mi ò bá a jiyàn, òótọ́ ló sọ. Wọ́n kan pèpéle onípákó sítòsí àwọn igi náà, wọ́n to àga sí i, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ wo àdán bí wọ́n ṣe ń jáde nírọ̀lẹ́.

Ó pe bàbá mi sí ọ́fíìsì. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí, kò gbọ́ ẹyọ kan. Wọ́n dé e ní fìlà tuntun tí wọ́n ya àdán sí níwájú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi gbé garawa rẹ̀ wálé tayọ̀tayọ̀, ó ní wọ́n fi òun joyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dé fìlà náà lọ síbi iṣẹ́, aṣọ́nà ní láti fọwọ́ júwe fún un, lójú gbogbo ayé, pé iṣẹ́ ti tán.

Ó gbà pé ọjọ́ ogbó ló dé. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun fi etí òun ṣe ti di ohun ẹ̀gàn nínú ọgbà yẹn. Kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mọ́ ju pé òun ṣe iṣẹ́ gidi, èmi àti ìyá mi sì pinnu pé a ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi kó èédú sínú garawa, ó sì ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìnagijẹ yẹn nílé òun mọ́. Ọmọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbé nínú ilé náà, ò gbọ́ orúkọ náà rí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ là ń pe ọmọ náà, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé, ọgbà náà ṣètò eré fún àwọn ọmọdé, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n gbin kóró sínú ife, wọ́n ń yí ewé wò láti wá ẹyin labalábá, wọ́n sì jókòó sórí pèpéle. Nígbà tó máa padà dé, àwòrán àdán ló lẹ̀ mọ́ àyà, irú èyí tó wà lórí fìlà bàbá mi gan-an. Bàbá mi fò dìde lórí àga. "Ẹ wò ó! Tèmi nìyẹn!"

Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. "Màmá, wọ́n ṣeré fún wa! Ọkùnrin burúkú kan wà tẹ́lẹ̀, ó gbé garawa kọ́rùn, ó ń lù ú, gbà gbà gbà! Àwọn ọmọ àdán ń já bọ́, wọ́n ń kú. Wọ́n wá ní kí gbogbo wa máa pariwo lé e lórí: Dákẹ́, ìkà, dákẹ́!" Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lu garawa.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá ṣe lónìí, ọ̀rọ̀ ìtàn ni lọ́la. Wọn ò sọ ẹni tí yóò pa ìtàn náà fún wa.

Mo ní, "Ó tó, lọ bọ́ bàtà ẹ." Ó ti pẹ́ jù. Etí bàbá mi ló di, ojú rẹ̀ ò fọ́, ó sì ti rí ọwọ́ ọmọ náà. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó da èédú sílẹ̀, ó gbé garawa kọ́rùn, ó mú ọ̀pá irin rẹ̀ wọlé. Ìyá mi káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi lù ú títí àwọn abọ́ fi ń gbọ̀n lórí tábìlì.

Ọmọ mi di etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. "Dákẹ́, ìkà, dákẹ́!" Bàbá mi rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó rò pé orin ló ń kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu garawa tẹ̀lé ẹnu ọmọ náà, ẹ̀rín kún ojú rẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi ohùn rara tó ń lò láti ìgbà tí etí rẹ̀ ti di, ó ké sí mi.

"Ní kó sọ fún wọn lọ́la pé èmi ni! Kó ní bàbá àgbà òun ni!"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dákẹ́. Ó wo bàbá mi, ó wo mí. "Màmá, ṣé òun ni?"

Mi ò lè purọ́ fún un, mi ò sì lè jẹ́ kí òótọ́ jáde lẹ́nu mi lójú bàbá mi. Bàbá mi na ọ̀pá irin sí ọmọ náà kí òun náà lù ú wò. Ọmọ mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá mi díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà á ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ariwo ni," ó wí. "Ó máa mọ́ ọn lára."