Garawa kẹta fún ọkọ̀ ológun bàbá mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgbẹmọ, kò sí iṣẹ́ ilé tí mo kórìíra tó omi pípọn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ru garawa rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Odò jìnnà, òkè ga, ìdajì omi á sì ti dà sí wa lára kí a tó délé. Bí omi bá dín, ìyá mi á ní kí n kúnlẹ̀ kí n káwọ́ sókè. Òórùn ìrẹsì tí wọ́n ń bọ̀ á máa ta sí mi nímú, ebi á sì máa pa mí.

Ọkọ̀ ológun kan wà lábẹ́ igi máńgòrò wa. Bàbá mi, tó ti wakọ̀ fún àwọn sójà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ló rà á ní gbàǹjo. Kò pẹ́ tó gbé e délé tó fi kọṣẹ́. Ọdún méje gbáko ló fi jókòó síbẹ̀. Adìẹ ń yé sínú rẹ̀, àwa ọmọdé ń fi ṣe eré dírẹ́bà, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní òkú ọ̀gágun. Bàbá mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ máa fi kó ìrẹsì ìyá mi lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó. Nígbà tó yá, ó ta oko kòkó kan ṣoṣo tó jogún, ó sì fi pe mẹkáníìkì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tú u, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì tún un tò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣíná sí i, Bàbá ní kí n pọn omi odò tó mọ́ wá fún rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìn tutù, garawa mẹ́ta. Ó mọ̀ mí dáadáa, ó fi kún un pé, "Kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ o."

Mo pọn méjì, ọrùn ń dùn mí. Àgbá tí ìyá mi ń rẹ ìrẹsì sí wà lẹ́yìnkùlé, ó kún dẹ́nu. Ṣé kì í ṣe omi náà ni? Mo bu ẹ̀kẹta níbẹ̀. Mẹkáníìkì wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí n máa dà á sí i. Mo rí èèpo ìrẹsì tó léfòó. Mo dà á.

Ha, ọkọ̀ náà ké! Ìyá mi jó, Bàbá kí ọkọ̀ bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n di àpò ìrẹsì sí i, Bàbá sì wà á lọ.

Ọ̀sán ni Bàbá fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹ́ńjìn ti gbóná lọ́nà, ó ti nọ́ọ̀kì. Ó bú mẹkáníìkì pé kò mọṣẹ́, ó lé e lọ. Mo dúró níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fa ọkọ̀ náà padà sábẹ́ máńgòrò, Bàbá kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ó fi kú.

Lóṣù tó kọjá, mo mú mẹkáníìkì mìíràn lọ wò ó, bóyá ó ṣì lè jí. Ó ṣí rédíétọ̀, ó fi irin ha ìdọ̀tí tó ti gan jáde, ó ní, "Mà, ta ló da ìrẹsì síbí?" Ojú tì mí, mo sunkún bí ọmọdé. Ó ní ẹ́ńjìn náà ti tán.

Ní Adó báyìí, ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ mi ń ṣí tí omi fi ń dà. Wọn kò mọ òkè odò. Èmi náà kì í ru omi mọ́. Ṣùgbọ́n garawa kẹta yẹn, mi ò tíì pọn ọ́n fún bàbá mi.