Ẹni tí Ó Ya Fọ́tò Wa ní Abu Shagara

Lẹ́yìn tí owó epo já wálẹ̀, tí náírà sì bá a já, ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Dubai ń lé òṣìṣẹ́ lọ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ń gé owó oṣù àwọn tó kù. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò lórí fóònù lónìí máa ń bi mí pé ṣé àwa náà ja ìjà kankan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí wọn kò ti gba ìwọ́de láàyè. A jà. Inú yàrá la ti jà á, pẹ̀lú fèrèsé ní títì.

Nílé, mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí. Mo ti pariwo títí tí ohùn mi fi há níwájú géètì yunifásítì, mo sì ti sá fún tíágáàsì. Ṣùgbọ́n ní Dubai, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan, bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan péré tí mo háyà, ni mo sì ń sùn ní Abu Shagara, ní Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, nínú yàrá tí àwa obìnrin mẹ́fà há ara wa mọ́, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì ni ògiri wa. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, Àǹtí ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí ó sún mọ́ mi jù ni Ìyá Kelechi, ọmọ Ìbàdàn tí ó fẹ́ ọkùnrin Ìgbò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Enugu. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni tirẹ̀ wà. Bí mo bá ń sunkún lókè, yóò fi ọwọ́ kan irin bẹ́ẹ̀dì mi díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn nìkan tó mi.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbòde nígbà náà ni ti referendum: pé kí wọ́n dìbò láti bi ará ìlú, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bóyá Nàìjíríà yóò máa wà pọ̀ tàbí kí kálukú máa lọ. Mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Inú ń bí mi sí orílẹ̀-èdè tí ó sọ èmi tí mo kàwé gboyè di ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá ra bàtà.

Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Yorùbá tí ń béèrè fún ìbò náà wá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé kí gbogbo ilé tí ọmọ Yorùbá ń gbé lókè òkun ya fọ́tò, kí gbogbo ará ilé na àtàǹpàkò sókè, kí ẹnì kankan má yọ sílẹ̀. Ilé tí kò bá pé, kí ó má fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ fi han ìjọba pé ohùn wa ṣọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì la yà á. Ọjọ́ ìsinmi wa nìyẹn, ìkòkò kan la sì máa ń jùmọ̀ sè. A jẹ ìrẹsì tán, Ṣadé tí ó ń ṣiṣẹ́ ní sálúùnù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá.

"Yalla, Ìyá Kelechi, ẹ bọ́ síbí, ẹ̀yin lẹ kù."

"Mi ò sí nínú eléyìí."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ kì í ṣe Yorùbá ni?"

"Ṣadé, Yorùbá ni mí. Tí wọ́n bá pín Nàìjíríà, ibo ni àwọn ọmọ mi á ti di àlejò? Ṣé lọ́dọ̀ mi ni àbí lọ́dọ̀ bàbá wọn? Dá mi lóhùn, màá na ọwọ́ now now."

"Ọ̀rọ̀ ọkọ yín lẹ̀ ń sọ yẹn. Àwọn èèyàn yín ló wà lọ́kàn yín, that's all."

"Àwọn wo ni èèyàn mi? Ìwọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jùmọ̀ jẹun yìí ńkọ́?"

Mo dá sí i. Mo ní ìbò tí a bá fipá gbà kì í ṣe ìbò mọ́, kí a fi fọ́tò náà sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ referendum yìí ju gbogbo wa lọ," ni Ṣadé wí. "Tí ẹnì kan bá yọ, wọn ò ní gba tiwa. Khalas, ó tán."

Ìyá Kelechi ló wá na ọwọ́, ó ní, "Ẹ gbé fóònù wá. Ta ló máa mọ̀ pé mo wà ńlé? Ẹ sún mọ́ra." Ó yà wá lẹ́ẹ̀kan, Ṣadé ṣẹ́jú, ó sì tún un yà. "Àǹtí, ẹ gbójú sókè díẹ̀," ló sọ fún mi.

Wọ́n gbé fọ́tò náà káàkiri. "Ilé kan, ohùn kan" ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá Kelechi náà rí i. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó se oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré kan. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ọmọbìnrin yẹn á pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ mọ́nu. Kò pẹ́ tí ó fi rí iṣẹ́ ọmọ títọ́ lọ́dọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Jumeirah Village Circle ní Dubai, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé. Mo bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀.

"Má lọ," mo wí.

"Àǹtí, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ìbéèrè mi ni ẹnikẹ́ni ò dáhùn."

"Mò ń rò ó."

"Ẹ máa rò ó. Tí ẹ bá rí i, ẹ pè mí."

Wọn kò ṣe referendum náà títí di òní. Bí ẹ bá bi mí ohun tí a jèrè, n ó ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin tí ẹ kì í bẹ̀rù láti bi ìjọba léèrè. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí wọ́n bi wá. Ṣùgbọ́n àwa tí a fẹ́ kí ìjọba bi wá ní ìbéèrè, a kò dá obìnrin kan lóhùn nínú yàrá wa. Ìyẹn ṣì wà lọ́rùn wa. Ṣadé ti lọ sí Kánádà, àwọn yòókù ti fọ́n ká. Èmi nìkan ni mo kù ní Abu Shagara. Ọmọ Kẹ́ńyà kan ló ń sùn lábẹ́ mi báyìí, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sunkún, kò mọ̀. Mo ti wá nọ́ńbà Ìyá Kelechi jáde lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì tún fi í sílẹ̀, nítorí pé mi ò tíì rí ìdáhùn.

Àwọn tí mo bá fi fọ́tò yẹn hàn máa ń yìn wá pé ilé wa pé. Gbogbo wa na àtàǹpàkò sókè lóòótọ́. Ìyá Kelechi tó ń yà wá sì ni gbogbo wa ń wò.