Wọ́n Pe Ṣadé, Èmi Ni Mo Dáhùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń bá mi rẹ́rìn-ín lójú ìwé yìí, yẹ̀yẹ́ tòní kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Tèmi ni. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, nítorí ojú ń tì mí, ẹni tí ojú ń tì kì í sì í yára sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Adja-Ouèrè. Tí mo bá délé, mo máa ń kọ̀wé nípa àwọn tó ń ṣe ju ara wọn lọ: bàbá tó kọ "Dókítà" sára ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ adìyẹ nìkan ló ń gún lábẹ́rẹ́, ọkùnrin tó ń fi Faransé pe ewúrẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, inú mi á dùn. Mo rò pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kò sí lára tèmi.

Irọ́ ni! Mo ra mọ́tò àlòkù kan. Lẹ́yìn náà ni mo lọ ṣe ìdánwò pẹ́mì, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà. Ẹ̀yìn ni n kò mọ̀ ọ́n wà! Tí wọ́n bá ní kí n fi ẹ̀yìn wọ àárín igi méjì, ọ̀kan nínú wọn á ṣubú. Èmi tí mo gboyè ní yunifásítì! Ṣé kí n wá máa sọ fún ará ìlú pé igi méjì ló ṣẹ́gun mi? Mo dákẹ́. Nígbà tí wọ́n rí mi nídìí ọkọ̀, wọ́n gbà pé mo ti gba pẹ́mì. N kò tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà.

Àbúrò mi obìnrin, Ṣadé, ìgbà àkọ́kọ́ ló gba tirẹ̀. Ojú kan náà ni èmi àti Ṣadé jọ ní. Tí a bá dúró pọ̀, ẹni tó sanra díẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré ló ti ń sọ pé ọkọ̀ òfuurufú lòun máa wà, èyí tó ń kó èrò láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Màmá wa, tó ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Kpoulou, ti sọ ọ́ fún gbogbo oko. Àwọn aládùúgbò á máa bá wọn ṣàwàdà pé, "Ìyá Pílọ́ọ̀tì, tí ọmọ yín bá ń kọjá lókè, ṣé á fọn fèrè fún wa?" Màmá á ní, "Á fọn ọ́n. Á tiẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ lè rí eyín rẹ̀."

Nígbà tí Ṣadé ń lọ sí yunifásítì, ó gbé pẹ́mì rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Dàda," bí àbúrò ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa nìyẹn, "ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, n kò ní mọ́tò níbẹ̀." Mo tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Inú báàgì mi ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, mo sì ń wa mọ́tò mi kiri.

Lọ́jọ́ kan, mo sáré kọjá níbi tí wọ́n ti ní ká rọra, lójú ọ̀nà Oko-Akarè. Ọlọ́pàá dá mi dúró. Ó wo pẹ́mì, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣadé?" Mo ní, "Èmi ni."

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn! Ó kọ ìwé ìtanràn, mo sanwó lójú ẹsẹ̀, mo bá tèmi lọ. Ìgbà kejì, fóònù ni mò ń tẹ̀ bí mo ti ń wakọ̀ lọ sí Tatonnonkon. Kí sì ni mò ń kọ? Mò ń kọ̀wé sí ẹ̀yin náà nípa àwọn awakọ̀ tí kò ní làákàyè. Ìgbà kẹta, n kò so bẹ́líìtì. Wọ́n pe Ṣadé, mo dáhùn. Mo rò pé tí a bá ti sanwó, ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi olùkọ́, n kò rántí pé ìwé kì í gbàgbé.

Ṣadé kàwé tán. Ó rí ibì kan tí wọ́n ti ń yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ fọ́ọ̀mù, ó gbé e wá kí n bá a yẹ Faransé rẹ̀ wò. Mò ń kà á, mò ń mirí, títí mo fi kan ìbéèrè kan: ṣé ọlọ́pàá ti kọ ìwé ìtanràn fún ọ rí lójú pópó? Kọ gbogbo rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ṣadé ti fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́ síwájú rẹ̀: Rárá.

Ó rẹ́rìn-ín. "Dàda, ibẹ̀ yẹn ló dùn mọ́ mi jù láti kọ."

Kí ni mo ṣe? Mo mú bírò, mo fi àmì kan tó fò sórí lẹ́tà kan ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo ní, "Ó dára. Fi ránṣẹ́." Mo sọ fún ara mi pé ta ló ráyè lọ yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò?

Wọ́n ráyè o! Ní Cotonou, àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá Ṣadé lẹ́nu wò gbé ìtanràn mẹ́ta kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó búra pé òun kò mọ ohunkóhun nípa wọn. Olórí wọn, obìnrin kan tó ti wa ọkọ̀ òfuurufú rí, ṣàlàyé fún un pé ìtanràn yẹn gan-an kọ́ ló burú. Ká ní ó kọ ọ́ ni, wọn ì bá bi í ní ìbéèrè kan tàbí méjì, kí wọ́n sì máa bọ́rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi bébà mẹ́ta pamọ́ lórí ilẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún ìdúnkúdùn-ún lókè, ta ló máa gbà á gbọ́ tó bá ní kò sí nǹkan? Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn á ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ṣadé kò sunkún. Inú ń bí i. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan wà nílẹ̀ yìí tí orúkọ àwọn jọra. Ó ní, "Dàda, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ti ń fi bírò na èèyàn. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí wọn, kó ta wọ́n lára." Ṣé ẹ lè gbà gbọ́ pé mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́? Ìlà kan tiẹ̀ dùn nínú rẹ̀, mo tún un kà!

Màmá ni kò dúró de lẹ́tà. Wọ́n gun ọ̀kadà wá láti Kpoulou láàárọ̀, wọ́n ní ká lọ bi àwọn ọlọ́pàá. Mo ní orí ń fọ́ mi. Màmá ní, "Orí tó ń fọ́ kò dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Dìde."

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kọjá lára Màmá, ó kọjá lára Ṣadé, ó dúró sára mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Há, Ṣadé! Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti ń so bẹ́líìtì báyìí?"

Màmá fọwọ́ kan èjìká Ṣadé. "Ọ̀gá, Ṣadé nìyí."

"Rárá, Màmá. Èyí tó dúró lẹ́yìn yín yẹn ni mo mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ìwé fún un. Kì í jiyàn. Tí mo bá ti pè é, á dáhùn."

Ṣadé kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn na ọwọ́. "Dàda, pẹ́mì mi dà?" Mo ṣí báàgì. Ó wà níbẹ̀, láàárín àtíkè àti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, etí rẹ̀ ti ká.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ igi méjì. Ẹ sì wò ó, Faransé ni mo fi ń ṣàlàyé fún ọlọ́pàá, kí Màmá má bàa gbọ́! Èmi àti bàbá elewúrẹ́, kí ló wá yà wá sọ́tọ̀?

Màmá ní, "Fi èdè tí mo fi tọ́ ọ sọ ọ́." Mo sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Orúkọ kan ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Kí ló ṣe tìẹ tó o fi ń lo ti àbúrò rẹ?"

Mo tọrọ bébà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Àwọn ọlọ́pàá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi, ẹjọ́ tèmi sì wà níwájú. Èmi àti Ṣadé gbé ìwé náà lọ sí Cotonou. Nínú takisí, iwájú ló jókòó sí, èmi wà lẹ́yìn, kò sì wẹ̀yìn títí a fi débẹ̀. Olórí wọn ka ìwé náà tán. Ó ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn ní àyè Ṣadé. Ó lè padà wá nígbà tí wọ́n bá tún ń yan èèyàn. Ṣùgbọ́n ìtanràn yẹn kò tíì kúrò lórúkọ rẹ̀, nítorí náà níbikíbi tó bá ti ń wá iṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú, ó ní láti máa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ yẹn á máa ròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún àjèjì kó tó lè fò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Abẹ́ igi ọsàn ní Kpoulou ni Ṣadé ti kọ ọ́. Nígbà tó dé ìbéèrè yẹn, ó kọ ọ́ pé mẹ́ta, àlàyé wà lẹ́yìn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú bírò lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ tán, ó dìde, ó gbé e fún Màmá.

Màmá kò mọ̀wé. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dára. Fi ránṣẹ́."

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: ìtanràn tí a jẹ́wọ́ rẹ̀ kò dí ojú ọ̀run mọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí a fi pamọ́, ó lè máà dí ọ̀nà ẹni tó fi í pamọ́, kó lọ dí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá sì ń ka àbùkù ìlú, kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú báàgì ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n lè mọ̀ pé n kò dá wà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín gan-an ni kí ẹ fi kọ ọ́.