Ẹrù Ìyàwó Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Òórùn ọ̀dà funfun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lójoojúmọ́, èéfín igi tí màmá mi fi ń dáná kó tó gba ọjà Ṣáṣá lọ ló máa ń jí mi nílé wa ní Ìkòtún, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ọ̀dà ni, òun àti kẹrosíìnì tí bàbá mi fi ń fọ bùrọ́ọ̀ṣì. Mo jáde sí àgbàlá, mo bá bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sára àpótí onípáànù méjì. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ló fi kọ ọ́, ó kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ó sì fi Lífápúùlù, ìlú Òyìnbó tó ń lọ, parí rẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án torí kò tíì gbẹ. Ọwọ́ mi ṣáà ń lọ síbẹ̀. Ara mi ni kò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo padà wá, mo tún dúró ti àpótí náà bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ.

Àǹtí Sèkí là ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn, àwọn tó wà láàárín wa kò dúró. Oòrùn máa ń wọ̀ kí màmá mi tó ti ọjà dé, nítorí náà Àǹtí Sèkí ló ń wẹ̀ fún mi, òun ló ń dirun fún mi, òun ló ń mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí á sì dúró títí n ó fi wọlé. Tí mo bá ń sùn, etí aṣọ rẹ̀ ni mo máa ń dì mú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ dàgbà nígbà yẹn la ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti di ìyá kó tó bímọ, nítorí náà mi ò rò pé ó yẹ kí n máa sọ ọ́ lásọtúnsọ. Síbẹ̀, mo fẹ́ kó yé yín dáadáa kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìgboro ni. Bàbá mi tó jẹ́ bíríkìlà kì í ráyè jókòó mọ́. Ilé ń yọ láàárín oko ẹ̀gẹ́ láti Ìkòtún títí dé Ìgàndó bí olú tí òjò rọ̀ sí, yàrá tí kò ní rádíò tẹ́lẹ̀ ti ń pariwo láti àárọ̀ dé alẹ́, gbogbo ẹni tó bá sì bímọ ló ń fẹ́ kó rí ìlú Òyìnbó. Ọkọ Àǹtí Sèkí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ti wà lọ́hùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kàwé. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti so yìgì wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ ló dúró fún un. Ìwọ̀nba ni Àǹtí Sèkí mọ ọkùnrin náà. Fọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí, ó máa ń yọ ọ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ìwé tó ń há ìṣirò sórí. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní kó wọ̀, torí pé bàálù kì í gba ẹrù púpọ̀, ìyàwó kì í sì í lọ sílé ọkọ lọ́wọ́ òfìfo.

Kò sí ẹni tó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú wa. Aládùúgbò kan gbé gàrí wá pé kó bá òun fún ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn gbé èlùbọ́, òmíràn gbé ẹja gbígbẹ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, bí ẹni pé Lífápúùlù sí Lọ́ńdọ̀nù kò ju Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù lọ. Bàbá mi kò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń tò ó, ó ń tú u, ó tún ń tò ó, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ tó bá ń to búlọ́ọ̀kù: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ti màmá mi ni pé, "Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Mo rọ̀ mọ́ ti màmá mi. Mo ń bi í léraléra bóyá òótọ́ ni, títí ó fi ní kí n jẹ́ kí òun gbádùn jàre.

Gbogbo ẹrù yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá tó bí bàbá mi, gbé wá. Abọ́ tánganran ńlá kan ni, tó ní ọmọrí, tí wọ́n fi aṣọ funfun dì. Obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti oyin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọmọrogùn tuntun kan. Nínú ìdílé wa, ìyẹn gan-an ni ẹrù ìyàwó. Ẹrù lásán ni àpótí. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e kúrò nílé bàbá ìyàwó, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí á fi dé ilé ọkọ. Àwọn obìnrin ilé ló máa ń gbà á lórí ara wọn lójú ọ̀nà. Tó bá kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìyàwó á padà wálé.

Mo bi Ìyá pé báwo ni yóò ṣe padà wálé.

"Á kó ẹrù rẹ̀, á máa bọ̀ ni," ó ní. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Ṣe àmín."

Mo la ẹnu, àmín náà kò jáde bọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, torí mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Ohun tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù gan-an ni mò ń fẹ́. Mi ò fẹ́ ibi fún ẹ̀gbọ́n mi o. Mo kàn fẹ́ kó padà wá. Kò yé mi bí ènìyàn méjì ṣe lè fẹ́ràn ẹnì kan náà, kí ọ̀kan máa bẹ Ọlọ́run pé kó má bọ̀, kí èkejì máa bẹ̀ Ẹ́ pé kó máa bọ̀. Mo rò pé ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo burú.

Píkọ́ọ̀pù tí ọ̀rẹ́ bàbá mi fi ń kó búlọ́ọ̀kù ló gbé wa lọ sí Àpápá. A to àpótí sẹ́yìn, àwa náà sì jókòó ti àpótí. Ìyá gbé abọ́ náà sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wá, bàbá mi ní kó gbé e sílẹ̀ sínú ọkọ̀ kó lè sinmi, pé pákó lásán ni ilẹ̀ ọkọ̀.

"Kí ló gbé ọkọ̀ ọ̀hún?" Ìyá bi í. "Ohun tí ilẹ̀ bá gbé, ilẹ̀ ló ni ín."

Bàbá mi bi í pé ta ni yóò wá máa gbé e lórí itan láti Àpápá títí dé ìlú Òyìnbó. Ìyá wo ọ̀nà títí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò tíì ro ìyẹn rárá. Ó ní ká débẹ̀ ná. Àǹtí Sèkí ní tirẹ̀, àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣí, tó ń pa dé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, gbogbo ìgbà tí táyà bá bọ́ sí kòtò ni mo ń wo abọ́ náà, tí àyà mi ń já, mi ò sì mọ̀ bóyá pé kó bọ́ ni àyà mi ń já fún tàbí pé kó má bọ́.

Ní èbúté, àwọn alábàárù ti já àpótí gbà lọ́wọ́ wa kí bàbá mi tó sọ pé kí wọ́n rọra. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, wọ́n jù ú sínú àwọ̀n okùn kan pẹ̀lú ẹrù àwọn ẹlòmíràn, kíréènì sì fà á sókè. Mo rí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń yí po lójú ọ̀run. Bàbá mi ṣí fìlà, ó dúró ó ń wò ó, kò rántí "fẹ̀sọ̀" mọ́.

Tábìlì gígùn kan ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n gbé ẹrù ọwọ́ lé kí wọ́n lè tú u wò. Ìyá gbé abọ́ sórí, ó ní òun kò ní gbé e lé tábìlì kankan. Ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé tábìlì ni òun wí, òun kò sọ pé ilẹ̀. Ìyá ní kó wo abẹ́ tábìlì rẹ̀ kó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa ti ń kùn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n gé tíkẹ́ẹ̀tì fún màmá náà, kó máa fẹsẹ̀ rìn lórí omi lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ojú tì mí, inú sì ń bí mi sí wọn. Nígbẹ̀yìn, bàbá mi tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí àwo, Ìyá sọ abọ́ lé e lọ́wọ́, màmá mi tú aṣọ funfun náà, ọkùnrin náà sì fi bírò yẹ inú rẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kí Ọlọ́run fi ọmọ sí i. Àmín tí Ìyá ṣe kó gbogbo ibẹ̀ láyà jẹ.

Ìdí àkàbà ọkọ̀ ni ọ̀ràn ti wá le. Ẹni tó dúró níbẹ̀ ní arìnrìn-àjò nìkan ló lè gòkè. Àǹtí Sèkí ní àpò ní ọwọ́ kan, ó sì ní láti fi ọwọ́ kejì di okùn ẹ̀gbẹ́ àkàbà mú, torí ó ń mì. Kò lè ru abọ́. Bàbá mi bẹ ọkùnrin náà, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ọkùnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá nawọ́ sí mi, ó ní ọmọ yìí lè sìn ín dé yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí agogo bá dún, kó sọ̀ kalẹ̀ kíá.

Ìyá tú gèlè orí rẹ̀, ó fi ká òṣùká, ó gbé e lé mi lórí, ó sì gbé abọ́ náà lé e. "Rábí," ó ní, "gbogbo ilé ló wà lórí ẹ yìí o."

Báyìí ni ó ṣe di pé èmi ló kù. Kò sí àgbà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá tẹ orí díẹ̀, bí mo bá ṣe bí ẹni tó kọsẹ̀, Àǹtí Sèkí á padà wálé, a ó sì jọ sùn lórí ẹní wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rò ó, mo rò ó dáadáa, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí àkàbà náà. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níwájú ojú mi gan-an, bàtà tuntun ló wọ̀, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. N kò rí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ náà mú.

Yàrá inú ọkọ̀ náà há, ó sì ń rùn bí ọ̀dà àti epo. Obìnrin tí òun àti Àǹtí Sèkí jọ máa gbé ibẹ̀ ti to ẹrù tirẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì méjèèjì àti àga, ó ti jáde lọ. Ọrùn mi ti ń yẹ̀. Àǹtí Sèkí wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ibi kankan.

"Gbé e sílẹ̀, Rábí."

"Ìyá ní kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀."

"Ìyá ní ohun tí ilẹ̀ bá gbé, ilẹ̀ ló ni ín, àbí? Kí ló gbé ọkọ̀ yìí?"

Mo ní omi ni.

"Ó dáa, jẹ́ kí n sọ̀ ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbà á lórí mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. Ilẹ̀ pákó náà ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ó yọ òṣùká kúrò lórí mi, ó tú u, ó fi gèlè Ìyá bo imú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Agogo dún. Ó fi gèlè náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa sáré, kí n má ṣubú.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Ìyá kò bi mí bóyá ó sunkún. Ó bi mí bóyá abọ́ kan ilẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, mo sì sọ pé omi ló gbé ọkọ̀. Bàbá àti màmá mi ń wò ó lẹ́nu. Fèrè ọkọ̀ dún, wọ́n tú okùn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láàárín ọkọ̀ àti èbúté, a sì ń juwọ́ sí ojú púpọ̀ tí a ò lè dá ti Àǹtí Sèkí mọ̀ láàárín wọn. Ìgbà náà ni Ìyá, ẹni tó ti bá gbogbo ènìyàn jà láti àárọ̀, sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó rọlẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa:

"Ì bá tiẹ̀ kan ilẹ̀ náà, kò burú."

Bàbá mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Màmá mi fi etí ìró bojú. Èmi dúró láàárín wọn pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́, mo ń ronú pé bóyá etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa.

Mo ti gboyè yunifásítì báyìí, mo ti ju ọjọ́ orí tí Àǹtí Sèkí wà lọ́jọ́ náà lọ, ara mi kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀. Ó ti wálé lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì padà lọ sọ́hùn-ún. Ọmọ tó ru abọ́ yẹn rò pé òun nìkan ni ọkàn rẹ̀ pín sí méjì láàárín àwọn àgbà tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kò sí ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ kí ẹrù yẹn dé ibi tó ń lọ, kò sì sí ẹnì kan tó jẹ́ kó bọ́.

Mo ríṣẹ́ sí Kàdúná. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mò ń lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, màmá mi ń di ẹrù mi nínú yàrá kejì, ó sì ń yára. Ó ti fi okùn so àpò náà, ó tún ń fi òmíràn so ó lékè, ó ń pariwo bi mí bóyá mo ti lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ yẹn ì bá bú sẹ́kún pé wọ́n ń lé òun lọ. Èmi fi bírò sílẹ̀, mo lọ bá a di etí okùn náà mú, àwa méjèèjì sì jọ fà á títí ó fi le.