Ìlà Tí Dáyọ̀ Na Ìka Sí

Tí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pè mí. N kì í mutí, ibà kò ṣe mí lọ́jọ́ náà, oorun kò sì kùn mí. Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Orin-Èkìtì, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdó. Mo máa ń tẹ ìwé, mo sì máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Èmi ni mo tẹ ìwé àdéhùn iṣẹ́ Dáyọ̀.

Jórinjórin ni Dáyọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń dáko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ajẹ́ńtì ló kó Dáyọ̀ àti àwọn méjì mìíràn lọ sí òkè òkun, ó ní iṣẹ́ sìkiọ́ríti ni wọ́n máa ṣe. N kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni.

Wọn ò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí fọ́tò kan fi wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀: Dáyọ̀ nínú aṣọ sójà, ìbọn ní èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Rédíò ń sọ pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń kú nínú ogun àwọn òyìnbó ọ̀hún, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnì kan. Ajẹ́ńtì ní Dáyọ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọṣẹ́ sójà, pé ọwọ́ òun mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Ajẹ́ńtì tún gbé ìwé wá. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Ó ní òun máa wá gbà á ní aago mẹ́rin.

Mo ti tẹ ìwé tán, mò ń tò ó, ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ mi. Mo gbójú sókè. Dáyọ̀ ló dúró níwájú tábìlì.

Mo tiẹ̀ kí i káàbọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ṣe díẹ̀ kí n tó rántí pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Kóòtù tó wọ̀ nípọn bíi tìmùtìmù, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, kò sì làágùn rárá. Jẹnẹrétọ̀ mi ń ṣiṣẹ́ níta, mò ń wo èéfín rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́.

"Àǹtí, ẹ kú uṣẹ́." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ó na ìka sí ìlà kan nínú ìwé náà. "Ẹ kà á."

Mo ní n kò gbọ́ èdè náà.

"Èmi náà ò gbọ́ ọ."

Mo bi í bóyá ó wà láyé. Ó wo apá ibi oko ìyá rẹ̀. Mo ṣẹ́jú, kò sí ẹnì kankan mọ́. Ẹrẹ̀ tútù wà lórí ìlà yẹn.

Mo ya fọ́tò ìlà náà. Mo fi ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkọ̀lé tí fóònù rẹ̀ lè túmọ̀ èdè. Èsì dé: ẹni tó bá buwọ́ lùwé yìí yóò jagun níbi tí wọ́n bá rán an, kò sì gbọdọ̀ kúrò títí ogun yóò fi parí.

Nígbà tí Ajẹ́ńtì dé, mo fa ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya níṣojú rẹ̀. Ó ní màá kábàámọ̀. Mo ní mo ti kábàámọ̀ ti Dáyọ̀, ìyẹn tó mi.

Mo gba oko lọ. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi, torí ẹni tó bá rí ọmọ báyẹn ti sọ pé ó kú nìyẹn. Ìyá Dáyọ̀ gbọ́ mi tán, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Tó bá kú, kí wọ́n gbé e wá fún mi. Tó bá wà láyé, kí wọ́n dá a padà. N kò ní sunkún ohun tí wọn ò fi hàn mí. Àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn, ulé wo ni wọ́n wà?"

Àwa méjèèjì la jọ lọ, ojúlé kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn mẹ́ta gbọ́. Ìkẹrin ní àjẹ́ ni wá, pé a ò fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn là. Ajẹ́ńtì tún ìwé tirẹ̀ tẹ̀ níbòmíràn, ó sì lọ.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti sọ òkò sórí páànù mi lẹ́ẹ̀mejì. N kò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ìlà yẹn ní Yorùbá gàdàgbà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ẹbí ní kí a ṣe ìsìnkú Dáyọ̀ láìsí òkú. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Títí di òní, kò sẹ́ni tó sọ ibi tí ọmọ náà wà fún wa.

Mo gbọ́ pé Ajẹ́ńtì ti wà ní apá Ẹ̀dá-Oníyọ̀ báyìí, ó ń wá àwọn ọmọ tó lágbára. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ má buwọ́ lu ìwé tí ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni máa padà wá kìlọ̀ fún yín.