Ìròyìn Tí Ẹnu Marcelline Kò Sọ

Ní Pobè, ilé iṣẹ́ kékeré kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tó ń fi gbin ọ̀pẹ fún wọn, kí wọ́n lè jọ pín èrè nígbà tó bá so. Lóṣooṣù, ó yẹ kí olówó gbọ́ bí oko rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ìwé Faransé ni Séverin, ọ̀gá ibẹ̀, kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá Ita-Djèbou tí wọn kò mọ̀wé. Àkàrà ni wọ́n ń fi dì.

Marcelline, akọ̀wé rẹ̀, ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní wẹ́wẹ́: ìkíni fún oníkálukú lọ́tọ̀, orúkọ oṣù, bí òjò ṣe rọ̀, bí ọ̀pẹ ṣe ń ṣe, àti ó dàbọ̀. Lóṣooṣù, wọ́n á kàn to èyí tó bá òtítọ́ mu pọ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ aburú ló gba Marcelline lákòókò jù. Ìgbà méje ló tún “iná ti jó oko yín” gbà, kó má baà já èèyàn láyà. Séverin ní kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Marcelline ní ìròyìn tí kò bá láyè fún aburú, ẹ̀tàn ni.

Àwọn ìyá fẹ́ràn ohùn náà. Ìyá Ògúnlékè, ẹ̀gbọ́n ìyá Marcelline, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, a máa tan tirẹ̀ sókè kí gbogbo ará ilé lè gbọ́ pé ọmọ òun ń sọ̀rọ̀.

Lóṣù kìíní ọdún, Marcelline bímọ, ó sì gba ìsinmi sílé ní Sakété. Ó fi àwọn ohùn náà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tó wà ní bùró, níbi iṣẹ́ wọn, ó kọ́ Séverin bí wọ́n ṣe ń tò ó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àárín oṣù kan náà ni iná ọyẹ́ jó oko. Séverin yìí, tó ń pè é ní àbúrò mi àtàtà, kò pè é, kò sì pe ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹrin, lọ́jọ́ tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́, onízẹ́mìjàn tó fi alùpùpù gbé e ló bá a kẹ́dùn iná náà. Ọkùnrin náà rò pé ó ti mọ̀. Marcelline wọ bùró, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Oṣù kìíní: ọ̀pẹ yín ń ṣe dáadáa. Oṣù kejì: dáadáa. Oṣù kẹta pẹ̀lú. Gbólóhùn iná wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

“Patírọ̀ọ̀n,” ó kọjú sí ọ̀gá rẹ̀, “ẹ fi ẹnu mi purọ́.”

Séverin kò wojú rẹ̀. “Bí wọ́n bá gbọ́ òtítọ́, wọn ò ní fowó kún un mọ́. Wọn ò sì lè gba èmi gbọ́. Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Marcelline wọ egungun. Gbogbo ìyìn tí ọkùnrin yìí ti ń yìn ín, àṣé ìdẹ ló ń fi í ṣe. Kò jókòó. Ó gun zẹ́mìjàn, ó di Ita-Djèbou.

Ó bá Ìyá Ògúnlékè lágbàlá ẹlòmíràn, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ fún wọn. Marcelline kúnlẹ̀.

“Màámi, ọ̀pẹ yín ti jóná láti oṣù kìíní. Èmi kọ́ ni mo jíṣẹ́ wọ̀nyẹn fún yín.”

“Ìwọ kọ́?” Ìyá náà kò dáwọ́ dúró. “Ó kí mi bí o ṣe máa ń kí mi láti kékeré.”

“Mo ti gbà á sílẹ̀ kí n tó bímọ ni, Màámi. Wọ́n kàn tò ó pọ̀ ni.”

Ìyá náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó tan ìròyìn oṣù kẹta. Ohùn Marcelline jáde tòun tẹ̀rín: “Màámi, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ọ̀pẹ yín ń ṣe dáadáa. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Marcelline bú sẹ́kún, ó ń fi ọmọ rẹ̀ búra pé òun kò mọ̀.

Ìyá Ògúnlékè jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

“Mo mọ̀ pé o ò lè purọ́ fún mi,” ó ní. “Ìdí nìyẹn tí mo fi ta oko ẹ̀gẹ́ mi, tí mo fi owó rẹ̀ kún ti ọ̀pẹ.”