Mo Ṣe Ògbufọ̀ Fíìmù ní Òde-Ayé

Mo rántí ìgbà tí àwọn ìyá ìjọ wa máa ń ti ilé ìsìn bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ funfun lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀, tí wọn kò sì ní í dé ilé tí wọ́n á ti yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá atukọ̀. Bàbá yìí ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá, kò sí èbúté tí kò dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì sí Òde-Ayé, ìlú wa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ilé alájà. Ohun tí òun kó bọ̀ wálé ni tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ fídíò kan, jẹnẹrétọ̀ kan, àti àpótí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ tí kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Àwọn ènìyàn ní orí rẹ̀ kò pé. Lójú tèmi, òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Irú fíìmù kan ṣoṣo ni bàbá náà fẹ́ràn, irú rẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ràn títí dòní: èyí tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ bá pàdé nínú wàhálà tí kò kan èyíkéyìí nínú wọn. Olè á máa lé wọn, ọlọ́pàá á máa lé wọn, àwọn méjèèjì á sì máa bá ara wọn jà lórí ẹni tó ṣi ọ̀nà. Ẹ̀rù á máa bà ọ́, ẹ̀rín á sì máa pa ọ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í da ẹ̀jẹ̀ síni lójú, wọn kì í bú ìyá ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹni tó ń wò ó ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, àwọn nìkan ni kò tíì mọ̀. Fíìmù ìsinsìnyí tí àwọn ọmọ mi ń wò, kó tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti dì mọ́ra wọn tán. Kí ló wá kù tí ènìyàn fẹ́ dúró dè? Ẹni tó bá ní tòde òní dùn jù, kó wá jókòó tì mí, ká jọ wo ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló máa túúbá.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni ògbufọ̀ ìjọ nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, mo ń retí àyè ní yunifásítì, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ẹnìkan wà ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ. Bí oníwàásù àlejò bá wá, èmi ni mo máa ń dúró tì í, nítorí náà èmi náà ni wọ́n fà dìde síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ká sọ òótọ́, Gẹ̀ẹ́sì inú fíìmù wọ̀nyẹn ń sáré jù mí lọ, imú ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ibi tí mo bá gbọ́, mo túmọ̀. Ibi tí n kò gbọ́, mo dá tèmi. Bí obìnrin náà bá sọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan, mo lè fún un ní ìwàásù odidi. Lọ́jọ́ kan, mo mú kí òyìnbó kan sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní òyìnbó náà gbẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Ẹni tí mo ń torí rẹ̀ fi òwe kún un ni ìyá mi. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí. Púpurú ló ń ṣe tà. Ó ń rẹ ẹ̀gẹ́, ó ń mọ ọ́n róbótó, ó ń yan án lórí ààrò títí èéfín fi wọ gbogbo aṣọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kékeré sọ pé kò sí aláwàdà bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹ̀rín kúrò ní ilé wa. Èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń kí oníbàárà. Ó ń dùn mí dé egungun. Mo gbà pé bí mo bá lè túmọ̀ fíìmù kan kó dùn tó, màá rí i kó rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà rẹ̀ kan wà, ọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ̀ tó ń gbé ẹja gbígbẹ wá láti ìhà Àrògbò, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Èdè Ìkálẹ̀ tó gbọ́ kò kọjá ti ọjà. Pijin ló fi ń bá èmi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbé ẹja wá fún ìyá mi, ó bá wa lẹ́nu fíìmù, ó bá jókòó sẹ́bàá ògiri.

Nínú fíìmù ọjọ́ náà, àwọn olè fi ẹ̀gbà ọrùn iyebíye pamọ́ sínú búrẹ́dì, ọkùnrin tiwa sì lọ ra búrẹ́dì náà láìmọ̀. Nígbà tó yá, ó ń rọ̀ dirodiro létí òrùlé ilé gíga kan. Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú lókè, olè ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó gbé búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí í ṣe Ìyá Àdúrà ìjọ wa, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní kí bàbá atukọ̀ dá fíìmù dúró. Bàbá tẹ ẹ̀rọ, ọkùnrin náà sì dúró gbagidi sínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ kúnlẹ̀, gbogbo ẹ̀yin ìyá! A ò ní í jókòó máa wo ọmọ ọlọ́mọ kó já bọ́!"

Wọ́n kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ó gbàdúrà kí ọwọ́ má ro obìnrin náà, kí ojú olè fọ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sókè: "Olúwa, má wo ti ìlú tí kálukú ti wá. So wọ́n pọ̀! Jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra wọn!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe àmín. Bàbá tún tẹ ẹ̀rọ, obìnrin náà sì fa ọkùnrin náà gòkè. Ẹ ò bá gbọ́ halelúyà!

Ọkùnrin inú fíìmù náà dìde, ó sọ nǹkan kan. Mo la ẹnu láti túmọ̀, ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn. Ìyá mi ni. Ẹ̀rín àtinúwá, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. Ọkùnrin ẹlẹ́ja náà ń rẹ́rìn-ín bákan náà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́sẹ̀ òyìnbó náà. Wọ́n ti rí i, àwọn méjèèjì nìkan, nígbà tí èmi ọ̀mọ̀wé ń wá òwe. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ìsinmi kì í yẹ̀ lórí ọkùnrin ẹlẹ́ja. Nígbà tí a ṣe ìkórè tán, ó wọ aṣọ tó dára, ó wá sílé wa. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Àdúrà, nítorí òun ni àgbà ilé bàbá mi. Ọkùnrin náà yíjú sí mi, ó ní kí n bá òun túmọ̀. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní pijin, kò gùn. Bí mo ti mọ iṣẹ́ mi, mo gbé ohùn sókè: "Ọkùnrin yìí ní, bí òṣùpá bá yọ lójú ọ̀run..."

Ìyá mi dá mi dúró. "Ọma mi, fíìmù kọ́ lèyí. Ohun tó sọ ni kí o sọ."

Mo ní, "Ó ní ó ti sú òun láti máa dá jẹun. Ó ní bí ẹ bá kọ̀, òun ò ní í bínú, òun á ṣì máa gbé ẹja wá."

Ìyá Àdúrà mi orí. "Rárá o. Ìyàwó ilé wa kò ní í tẹ̀lé ará odò lọ. Ta ló mọ ìran rẹ̀?"

Mo mọ̀ pé bó bá ti kọ̀ báyìí, ìyá mi kò ní í kọjá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Á padà sídìí ààrò, ẹ̀rín náà á sì tún lọ. Mo bá kọjú sí Ìyá Àdúrà. "Màmá, ẹ dákun, ta ló mọ ìran ọkùnrin orí òrùlé tí ẹ kúnlẹ̀ fún?"

"Ìyẹn wà nínú ewu!"

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti dáhùn, kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, èmi náà wà nínú ewu."

Ìyá àgbà náà wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè funfun rẹ̀, ó tún un wé, ó sì rọra kúnlẹ̀. Gbogbo wa tẹ̀lé e. Ọkùnrin Ìjọ̀ náà wò mí bóyá màá túmọ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ti na ọwọ́, ó ti fà á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Òkìtìpupa ni mo ń gbé báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti gbọ́ ọ jù ti ìgbà náà lọ. Bàbá atukọ̀ ti sùn, eruku ti bo àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú fíìmù rẹ̀ wà lórí fóònù. Bí mo bá rí ọ̀kan tó dára, mo máa ń wọ takisí lọ sí Òde-Ayé lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá mi kò ríran mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń ròyìn fún un, ní èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ tó ti ń já gaara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí fíìmù sọ kọ́ ló ń sọ. Ẹnu rẹ̀ dùn ju tèmi lọ láyé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Ìyá mi bi í léèrè pé, "Ṣé wọ́n ti fẹ́ra wọn?"

Lójú fóònù, òrùka ti wọ obìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n ti ń da òdòdó lé wọn lórí.

"Kò tíì o," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Olè tún ti dé. Jókòó dáadáa."

Ìyá mi sún mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ògbufọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́.